Tanímọ̀la Kò Tọ̀ Sílé, Ó Ń Tọ̀ọ́lé Ni

Ìyá ọlọ́mọ tó bá jí láàárọ̀, tó bá ẹní ọmọ rẹ̀ nínú omi, kò nílò kí ẹnikẹ́ni là á yé e. Gbogbo wa la mọ ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n láti ojú ìyá, á mọ̀ ọ́n láti ojú ọmọ. Ṣùgbọ́n kí bàbá ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì máa yọ́ sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù láti fọ ẹní ajá, kí ìyàwó rẹ̀ tó ti ibi iṣẹ́ dé, ọ̀rọ̀ yẹn gba àlàyé.

Bàbá náà ni Sàláhúdéènì. Chatham ló ń gbé, ní ìhà gúúsù Chicago, nínú ilé bíríkì tó fi òógùn ojú rẹ̀ rà. Òun ni ọ̀gá àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ní Des Plaines, nítòsí pápákọ̀ òfurufú. Bí ẹ bá fẹ́ kí inú rẹ̀ dùn, ẹ yin koríko iwájú ilé rẹ̀. Bí ẹ bá wá fẹ́ kí ó gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún yín, ẹ yin ajá rẹ̀.

Tanímọ̀la lorúkọ ajá náà. Abo ni, ara rẹ̀ pupa bí ẹ̀pà tí iná rà. Nígbà tí Sàláhúdéènì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní ju bẹ́ẹ̀dì kan lọ, tí ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ kò tíì dé Amẹ́ríkà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan rí i tó gbé ọmọ ajá wọlé, ó ní, “Ìwọ tí o kò tíì rí jẹ, o tún fẹ́ sin ajá?” Sàláhúdéènì dáhùn pé, “Ta ni ó mọ ọ̀la?” Bí orúkọ ṣe mọ́ ajá lórí nìyẹn. Àwọn aládùúgbò tí ahọ́n wọn kò gbé e ń pè é ní Tani, ọ̀rọ̀ náà sì máa ń pa Sàláhúdéènì lẹ́rìn-ín, nítorí bí wọ́n bá ti ń pe ajá, ńṣe ló ń dà bíi pé wọ́n ń béèrè ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ajá yìí kì í ṣe ajá lásán. Lọ́dún 1979, nígbà tí yìnyín bo ojú fèrèsé gbogbo ìlú, gáàsì burúkú bẹ̀rẹ̀ sí í jò látinú bọ́ílà ilé tí wọ́n háyà nígbà náà. Gbogbo ilé ti sùn. Tanímọ̀la ló fi ẹnu wọ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì kúrò lára ọ̀gá rẹ̀, tó ń fà á tó ń gbó títí ó fi jí, tó kó ìyàwó àti ọmọ méjì jáde sínú yìnyín láàyè. Àlejò tó bá jókòó nílé Sàláhúdéènì, kó tó mu omi tán, onílé á ti dé orí ìtàn bọ́ílà.

Ọdún méje kọjá lórí ìyẹn. Ní ọdún 1986, Tanímọ̀la pé ọmọ ọdún méjìlá. Irun ẹnu rẹ̀ funfun, etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa mọ́. Àwọn ọmọ méjèèjì ti lọ sí yunifásítì. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni ajá ń sùn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, lórí ẹní tirẹ̀. Láti ìgbà tí òtútù ti ń lọ ni ẹní náà ti ń tutù láràárọ̀.

Sàláhúdéènì kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kàfáyàtù, ìyàwó rẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru ni, kì í dé títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Kó tó dé, ọkọ á ti fọ ẹní, á ti da bílíìṣì sílẹ̀, á ti ṣí fèrèsé. Nígbà tí Miss Josephine, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì nílé kejì, bá béèrè lórí ọgbà pé, “Arúgbó wa ńkọ́?” Sàláhúdéènì á ní ara rẹ̀ le koko. Kò lè fẹnu sọ pé ajá tó gba ẹ̀mí mẹ́rin là ń sùn nínú ìtọ̀ ara rẹ̀.

Ó tẹ ilé ìwòsàn ẹran kan láago nígbà kan. Ó sọ fún ẹni tó gbé fóònù lédè Gẹ̀ẹ́sì pé ajá òun ń tọ̀ sínú ilé. Onítọ̀hún ní kó tún un kọ́ bí ọmọ ajá, kó máa bá a wí. Ta ló fẹ́ bá ẹni tó gbà á là wí? Ó wá ṣe ohun tó dá a lójú pé ó dára jù. Bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, á gbé abọ́ omi ajá lọ sórí fíríìjì, ó di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ní ìdí tí ìyẹn fi dá a lójú, ṣùgbọ́n kò tíì sọ ìdí náà fún ẹnikẹ́ni ní Amẹ́ríkà.

Ìtọ̀ kò dáwọ́ dúró. Ajá bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ó ń lá omi tó wà nínú àwo abẹ́ ìkòkò òdòdó. Ó ń dúró níwájú fíríìjì, á gbójú sókè, á máa wo abọ́.

Ààwẹ̀ oṣù Ràmàdáánì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà tí ìròyìn dé pé ìyá Sàláhúdéènì, Àlhájà Àdùfẹ́, ń bọ̀ láti Ìṣẹ́yìn. Inú ilé dùn, ṣùgbọ́n òórùn ti ju ohun tí fèrèsé lè kó lọ.

“Bàbá Sìmíátù,” ni Kàfáyàtù wí, “ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Òórùn yìí ò dáa. Ibi tí Màámà máa ti máa kírun ńkọ́?”

“Òkè ni wọ́n máa wà.”

“Òórùn ò mọ òkè. Ajá yìí ti darúgbó, ó ti ń tọ̀ sílé bó ṣe wù ú. Èmi náà fẹ́ràn ẹ̀ o. Mi ò gbàgbé bọ́ílà. But ẹ wò ó bó ṣe rù. Ó ń jìyà. Mo pe ilé ìwòsàn ẹran, wọ́n ní àwọn lè ṣe é fún un ní Saturday, ò ní mọ̀ ọ́n lára.”

Abẹ́rẹ́ tí ajá fi ń sùn tí kì í jí mọ́ ló ń wí. Omi lé ròrò lójú òun náà bó ṣe ń sọ ọ́. Sàláhúdéènì wo koríko rẹ̀ lójú fèrèsé, ó wá ní kò burú. Wọ́n gba aago mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé.

Ọjọ́bọ̀ ni ìyá dé. Ó fa ìró rẹ̀ sókè díẹ̀ nígbà tó rí ajá, nítorí àlùwàlá rẹ̀. Tanímọ̀la náà mọ̀wọ̀n ara rẹ̀, ó jókòó lọ́ọ̀ọ́kán.

“Èyí ni ajá tó gbà yín lọ́wọ́ iná?”

“Kì í ṣe iná, Màámi, gáàsì ni. Lálẹ́ ọjọ́ náà, yìnyín ti bo...”

“Sàláhù, mo ti gbọ́ ọ lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹfà. Ẹ gbé oúnjẹ wá.”

Wọ́n jẹun. Kàfáyàtù gbé omi síwájú ìyá ọkọ rẹ̀, ìyá náà rọra tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní omi kì í bá òun lára mu tó bá ti di ìrọ̀lẹ́. Kò sẹ́ni tó fi pe nǹkan.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, Sàláhúdéènì sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú báàkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó bá ìyá rẹ̀ lórí àga nílé ìdáná. Omi gbígbóná àlùwàlá ló wá gbé, kò sì tíì gbé e.

“Má sọ̀rọ̀,” ni ìyá wí. “Wò ó.”

Tanímọ̀la sùn lọ fọnfọn, ó ń hanrun. Lábẹ́ itan rẹ̀, omi rọra ń tàn sórí ẹní, ajá kò sì mi ẹsẹ̀ kan. Ó tó ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó jí. Ó gbóòórùn ẹní, ó rí ọ̀gá rẹ̀, ó ká etí méjèèjì sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ahọ́n lá ilẹ̀ kíákíá bí ẹni tó fẹ́ palẹ̀ ẹ̀rí mọ́.

“Ṣé o mọ ojú yẹn?” ni ìyá béèrè.

Sàláhúdéènì gbé báàkẹ́ẹ̀tì kalẹ̀.

“Ojú tí ìwọ náà máa ń ṣe nìyẹn, títí o fi pé ọmọ ọdún mọ́kànlá.”

“Ta ló ń ṣe ojú?”

Kàfáyàtù ló dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yẹn, pẹ̀lú bàtà funfun ibi iṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Ó ti gbọ́. Bí ilẹ̀ bá là nílé ìdáná náà, Sàláhúdéènì ì bá wọlẹ̀.

“Ọkọ rẹ ni,” ni ìyá wí, ẹ̀rín sì ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀. “Ògbólógbòó atọ̀ọ́lé ni. Ẹní rẹ̀ ló máa ń rù sórí yíká agbo ilé, tí àwọn ọmọdé á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sọ fún ọ?”

“Ogún ọdún tí mo ti fẹ́ wọn,” ni Kàfáyàtù wí, “never.” Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ibi tó ti ń rẹ́rìn-ín ló ti gbójú sókè, ẹ̀rín sì tán. “Kí ni abọ́ omi Tani ń wá lórí fíríìjì?”

Kò sí ibi tí Sàláhúdéènì yóò gbà mọ́. Ó ní, “Mo máa ń gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ láti four o’clock. Ohun tí Màámi ṣe fún mi nìyẹn. Wọn kì í jẹ́ kí n fẹnu kan omi tó bá ti di ìrọ̀lẹ́. Òun ló sì wò mí sàn.”

“Báwo ni ó ti pẹ́ tó?”

“Láti oṣù kẹta.”

“Ah. Bàbá Sìmíátù.”

“Ààwẹ̀ ti parí fún gbogbo wa,” ni ìyá wí, “ajá nìkan ló kù tí kò tíì ṣínu.” Kò rẹ́rìn-ín mọ́. “Sàláhù, gbọ́ mi. Omi tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ kọ́ ló wò ọ́ sàn. Bí mo bá ti yíjú, inú ìkòkò ìyá àgbà lo ti ń mu. Ṣé o rò pé mi ò mọ̀? Dàgbà lo dàgbà. Ọmọdé ń dàgbà kúrò nínú rẹ̀. Àgbà ń dàgbà bọ̀ sínú rẹ̀ ni. Kí lo sọ fún àwọn dókítà?”

“Mo ní ajá mi ń tọ̀ sílé.”

“O ṣì í sọ. Ajá tó bá ń tọ̀ sílé, ojú rẹ̀ là kó tó tọ̀. Èyí sùn, kò mọ̀. Kò tọ̀ sílé o. Ó ń tọ̀ọ́lé ni.”

Ẹ wò ó, ìró kan ṣoṣo ló ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀. Ọkùnrin tí wọ́n fi ọ̀kan nínú wọn pè fún ọdún mọ́kànlá ló gbàgbé rẹ̀ nígbà tó dé ìdí fóònù òyìnbó. Tàbí kó jẹ́ pé kò gbàgbé, ojú ló tì í láti pe ọ̀rọ̀ náà.

Kàfáyàtù ti gbé abọ́ sọ̀ kalẹ̀. Tanímọ̀la mu omi títí tí ìrù rẹ̀ fi ń jù. Kàfáyàtù fi ìka méjì fa awọ ọrùn rẹ̀ sókè, ó fi í sílẹ̀, awọ náà sì dúró bẹ́ẹ̀ kó tó rọra padà sí àyè rẹ̀.

“Ẹ ò rí i? Ó ti gbẹ. Àwọn arúgbó tó ń tọ̀ọ́lé ni mo ń tọ́jú every night, we never take their water. Ọkàn mi ò lọ síbẹ̀ rárá, torí mo rò pé ó kàn ń tọ̀ sílé ni.” Ó mí kanlẹ̀. “Dókítà Oyèwùmí wà ní Oak Park. Ọmọ wa ni, Ìbàdàn ló ti kọ́ ìwòsàn ẹran kó tó wá síbí. Mo máa pè é báyìí, kó gbà wá lónìí.”

“Ti Saturday ńkọ́?” ni Sàláhúdéènì béèrè.

“Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti ẹnu ẹ̀ ná.”

Wọ́n rọra gba ìtọ̀ ajá sínú ìgò mímọ́ kan, bí dókítà ṣe ní kí wọ́n ṣe é, wọ́n sì kó sínú ọkọ̀. Ìyá náà ní òun kò ní dúró sílé.

Dókítà Ọmọ́níkẹ́ Oyèwùmí kò ga, ohùn rẹ̀ kò sì le. Bó ṣe rí Àlhájà, ó kúnlẹ̀ nínú ẹ̀wù funfun iṣẹ́ rẹ̀, lójú àwọn òyìnbó tó gbé ológbò lọ́wọ́. Àlhájà fa ara rẹ̀ ró, ó sì wo gbogbo yàrá yíká kí wọ́n lè rí i pé òun ni wọ́n kúnlẹ̀ fún.

“Kí lorúkọ ẹ̀?” ni dókítà béèrè.

“Tanímọ̀la,” ni Sàláhúdéènì wí.

“Ta ni ó mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Kí ló ń ṣe é? Ó ń tọ̀ sílé?”

“Ó ń tọ̀ọ́lé ni,” ni ìyá àti ọmọ wí lẹ́ẹ̀kan náà.

Dókítà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. “Màmá, ẹ ti bá mi ṣe ìdajì iṣẹ́. Àwọn oníbàárà mi, half an hour ni mo fi ń bi wọ́n kí n tó mọ èwo nínú méjèèjì. Ọ̀rọ̀ kan lẹ fi sọ ọ́.”

Ó gbé ìtọ̀ náà lọ sẹ́yìn láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó gbọ́ ọkàn ajá, ó tẹ ikùn rẹ̀, ó la ẹnu rẹ̀. Ó gbé itan rẹ̀ sókè, ó rí ibi tí awọ ti pọ́n tó ti bó.

“Kí lẹ fi ń fọ ẹní ẹ̀?”

“Bleach,” ni Sàláhúdéènì wí.

“Bleach àti ìtọ̀ ò gbọdọ̀ pàdé rárá, èéfín wọn burú fún ẹ̀yin gan-an. Èyí tó ṣẹ́kù sára ẹní ló sì ń jó o lára. Ọṣẹ jẹ́ẹ́jẹ́ ni, kẹ́ ẹ ṣan án dáadáa, kẹ́ ẹ sá a kó gbẹ. Ara ajá náà, ẹ máa fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nù ún láàárọ̀, kẹ́ ẹ nù ún gbẹ.” Ó bojú wo ajá lẹ́ẹ̀kan sí i. “Ẹ wo eyín yìí. Ẹ gbọ́ ọkàn yìí. Ọmọ ọdún méjìlá. Bọ̀dá, ta ló ń tọ́jú ajá yìí?”

“Èmi ni,” ni Sàláhúdéènì wí. Láti oṣù mẹ́ta, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àyà rẹ̀ wú.

“Ẹ ṣe bẹbẹ. Ẹ̀yin náà lẹ sì fẹ́ fi òùngbẹ pa á.”

Àyà náà padà sílẹ̀. Dókítà kò fi ṣe ẹ̀gàn, ó jókòó tì í, ó sì là á yé e díẹ̀díẹ̀. Ó ní àpò kan wà tó ń gba ìtọ̀ dúró, iṣan kan sì wà tó dì í lẹ́nu. Abo ajá tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún kó má bímọ, bíi Tanímọ̀la, bó bá ti dàgbà, iṣan yẹn lè dẹ̀. Bó bá wà lójúfò, ó lè mú un dúró. Bó bá ti sùn, iṣan náà sùn pẹ̀lú rẹ̀.

“Kì í ṣe oríkunkun, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ lù ú tàbí ẹ bá a wí, kò lè yé e, torí kò mọ ìgbà tó ṣe é. Tẹ́ ẹ bá wá gba omi lọ́wọ́ ẹ̀, ìtọ̀ ẹ̀ á ki, àrùn á ráyè wọ inú àpò yẹn, kíndìnrín náà á máa bàjẹ́. Nígbà míì sì rèé, àtọ̀gbẹ tàbí àrùn kíndìnrín gan-an ló ń mú ajá mu omi kó sì máa tọ̀. Irú wọn, tẹ́ ẹ bá gba omi lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ kan péré, ẹ lè bá òkú wọn láàárọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi yẹ ìtọ̀ ẹ̀ wò.”

“Èwo ni tiẹ̀?” ni Sàláhúdéènì béèrè.

“Kò sí ṣúgà níbẹ̀. Àrùn díẹ̀ ti wọ inú àpò ìtọ̀, òùngbẹ ló fà á. A máa kọ́kọ́ wo ìyẹn. Lẹ́yìn náà, mo máa fún un ní tábúlẹ́ẹ̀tì kan tó ń mú iṣan yẹn dì.”

“Ṣé ó máa dá?”

“Mi ò lè búra. Ọ̀pọ̀ bíi tiẹ̀ ló ń dá, òmíràn á dín kù. Tó bá dín kù nìkan ńkọ́, ẹ máa pa á?”

Sàláhúdéènì wo Tanímọ̀la, ó rí i tó gbé àgbọ̀n lé bàtà rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ó ní rárá. Ó béèrè fóònù, ó sì fúnra rẹ̀ tẹ àwọn ti Sátidé láago, ó ní kí wọ́n pa orúkọ ajá òun rẹ́.

“Mo máa rán ìlédìí fún un,” ni Àlhájà wí. “Táwẹ̀lì tó ti gbó, ní ìpele mẹ́ta, ká fi rọ́bà sábẹ́ ẹ̀.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀, Màmá. Kí wọ́n sì mú un jáde kó tọ̀ kí gbogbo ilé tó lọ sùn.” Dókítà yíjú sí Kàfáyàtù. “Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má lọ fún un ní oògùn ènìyàn láti hospital.”

“Èmi kẹ̀?” ni Kàfáyàtù wí, ó sì ń wo àwòrán ológbò tó wà lára ògiri. Ó ti rò ó.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, Sàláhúdéènì sọ̀kalẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́ sórí ẹní ajá láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹní gbẹ. Ó gbẹ lánàá, ó gbẹ ní ìjẹta. Ó ká a, ó gbé e rù sórí, ó jáde sẹ́yìn ilé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọgbà ká lórí koríko rẹ̀, Tanímọ̀la ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń fi etí gèlè nu ojú.

“Sàláhù, èyí tó gbẹ kọ́ la máa ń rù.”

“Èyí tó gbẹ ló yẹ ká máa rù, Màámi.”

Miss Josephine yọ sókè lórí ọgbà, ó béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ náà, Sàláhúdéènì kò sọ pé ara ajá le koko. Ó gbé ẹní sọ̀kalẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ìtọ̀, abọ́ orí fíríìjì, dókítà, tábúlẹ́ẹ̀tì. Kò fi ọ̀kan pa mọ́, kò tilẹ̀ fo ti ìgbà èwe rẹ̀.

Miss Josephine fi ọwọ́ méjèèjì lé orí ọgbà. Lẹ́yìn náà ló sọ pé òun náà ní ajá kan, Duke, ọdún mẹ́rìnlá ló lò lọ́wọ́ òun. Lọ́dún méjì sẹ́yìn ló bẹ̀rẹ̀ sí í ba bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ jẹ́, òun sì gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ ìkẹyìn. “Mo sọ fún wọn pé ó ń tọ̀ sílé,” ni ó wí. “Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá ojú rẹ̀ là tàbí ó sùn. Ẹ̀yin ni ẹ ní ọ̀rọ̀ fún un.”

Ó ní kó pe ọ̀rọ̀ náà fún òun. Sàláhúdéènì pè é. Tíṣà arúgbó náà tún un pè lẹ́ẹ̀mẹta, títí ó fi bọ́ sí i lẹ́nu.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn ìrun Mágàríbì, wọ́n jókòó ti oúnjẹ. Kàfáyàtù gbé omi síwájú Àlhájà. Àlhájà tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́.

“Omi kì í bá mi lára mu tó bá ti...”

Kò parí rẹ̀. Sàláhúdéènì ti gbé ojú sókè. Ó rántí rọ́bà pẹlẹbẹ kan tó rí nínú àpótí ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ tó dé, tó rò pé ti òjò ni. Ó rántí bí ìyá ṣe tètè mọ ohun tó ń ṣe ajá, kí nọ́ọ̀sì tó mọ̀ ọ́n. Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ pé òun kò rí i láti ọjọ́ yìí. Ó fa ife náà padà síwájú ìyá rẹ̀ jẹ́ẹ́.

“Màámi,” ó ní, “ẹ mu omi yín.”

Àlhájà wo ife. Ó wo Tanímọ̀la tó ń mu omi tirẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn, tí ó ń fi ahọ́n lá a lálàáfíà. Ó gbé ife, ó mu ún tán.

“Kàfáyàtù,” ó ní, kò wo ojú ẹnikẹ́ni, “bá mi wá dókítà tèmi lọ́jọ́ Ajé. Kó jẹ́ obìnrin.”

“Mo ti gbọ́, Màámà. Àwọn dókítà wà fún un.”

Ẹ̀yin ará wa ní Chicago àti àgbègbè rẹ̀, ẹ̀yin tí ajá ti bá yín gbé láti ìgbà tí ẹ kò ní nǹkan, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé yín. Bí ajá àgbà bá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀, ẹ kọ́kọ́ wò ó: ṣé ojú rẹ̀ là, àbí ó sùn? Ohun tí ẹ bá rí ni kí ẹ sọ fún dókítà ẹran, kí ẹ sì gbé ìtọ̀ rẹ̀ dání lọ. Ẹ má lù ú, ẹ má sì fún un ní oògùn inú kọ́bọ́ọ̀dù yín. Ẹ mú un jáde kí ẹ tó sùn, ẹ tẹ́ nǹkan gbígbẹ fún un, ẹ nu ara rẹ̀ láàárọ̀. Ẹni tí ojú bá ń tì láti sọ ọ́, kó rántí bàbá tó ru ẹní gbígbẹ yíká ọgbà rẹ̀ ní Chatham, tí àwọn aládùúgbò sì ń wò ó. Bí àgbàlagbà kan nínú ilé yín bá sì ń ti omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà ìrọ̀lẹ́, ẹ fi ọ̀wọ̀ bi í léèrè ìdí rẹ̀.

Bí abọ́ omi kan bá wà lórí fíríìjì yín lónìí, ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀.